Ẹni Tó Jókòó Sẹ́yìn Aṣọ

Àga náà gbóná. Wosilat kàn fẹ́ sún un sẹ́yìn díẹ̀ ni, kí ó lè rí ààyè kúnlẹ̀ rán etí aṣọ tó gùn jù, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kan ibi ìjókòó ni ó yára fà á padà. Igi lásán ni àga ọ̀hún, kò sí tìmùtìmù lórí rẹ̀. Ó gbóná bí ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lẹ́yìn ìjókòó pípẹ́. Bẹ́ẹ̀, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tó ti wà nínú gbọ̀ngàn náà, kò rí ẹnikẹ́ni kó gba ẹ̀yìn aṣọ kọjá. Oòrùn kò sì lè dé ibẹ̀, nítorí pé wọ́n ti fi bébà dúdú lẹ gbogbo fèrèsé pa.

Ó wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ó wà ní títì. Ó ní bóyá ooru jẹnẹrétọ̀ ló gba ara ògiri wọlé, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí apá òun kan àga náà mọ́.

Ará Ṣómólú àti Bàrígà tó bá ti dàgbà díẹ̀ yóò mọ ètò tí mò ń sọ yìí. Ta Ló Wà Lẹ́yìn Aṣọ? ni orúkọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ṣe é. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ nígbà ìjọba alágbádá ìjọ́sí, kí àwọn ṣọ́jà tó gba ìjọba ní ìparí ọdún 1983. Tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé bá ti lù, gbogbo àdúgbò á dákẹ́, ọmọ tí bàbá rẹ̀ kò ní tẹlifíṣàn á lọ rọ̀ mọ́ fèrèsé ilé ẹni tó ní. Ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kò ju báyìí lọ: ìdílé kan á jókòó síwájú aṣọ, ẹnìkan tí wọ́n mọ̀ rí á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ kan á sì yí ohùn onítọ̀hún padà. Ìbéèrè mẹ́ta ni ìdílé náà ní. Tí wọ́n bá mọ ẹni náà, wọ́n á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, agogo á dún, aṣọ á ṣí. Tí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, aṣọ kò ní ṣí. Àlejò á gba ẹ̀yìn bá tirẹ̀ lọ, wọn kò sì ní mọ ẹni tó jẹ́ láéláé. Tíṣà tó kọ́ bàbá ní ABD, àbúrò tó ti ń gbé Kánò láti ogún ọdún, ìyàwó tó ti kọ ọkọ: irú wọn ló máa ń jókòó síbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ti ọdún 2000, nígbà tí ìjọba alágbádá tún padà dé. Owó kò sí. Ẹ̀rọ tó ń yí ohùn padà ti di àwátì, agolo tòmátò ńlá tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ jáde ni àlejò ń sọ̀rọ̀ sí, wọ́n sì fi rọ́bà so máìkì kan mọ́ ọn. Agogo kẹ̀kẹ́ ni agogo wọn. Gbọ̀ngàn wọn ní Ṣómólú jẹ́ ibi tí àwọn atẹ̀wé ń kó bébà sí, òórùn yíǹkì kò sì kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n tó lè ya ètò, wọ́n ní láti lọ bẹ àwọn atẹ̀wé tó wà lódìkejì ògiri pé kí wọ́n pa ẹ̀rọ wọn fún ogún ìṣẹ́jú. Abọ́ oníke mẹ́fà àti páálí ọṣẹ kan ni ẹ̀bùn. Síbẹ̀, ẹ bi àwọn èèyàn àdúgbò léèrè lónìí, ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí ni wọn yóò sọ pé àárò rẹ̀ ń sọ àwọn jù. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn tó wọ kóòtù. Nínú ti ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ lè rí ewúrẹ́ aládùúgbò yín tó yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ẹ sì lè gbọ́ ikọ́ ìyá yín láàárín èrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án péré ló lò. Mo ń bọ̀ wá sọ ìdí tó fi dáwọ́ dúró, èmi kì í kàn fẹ́ sọ ọ́ nínú yàrá tó bá ní aṣọ fèrèsé.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúnmọ́lá ló jí ètò náà dìde. Òun ló ń ya kámẹ́rà ní ti àkọ́kọ́, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra kámẹ́rà àlòkù kan, ó bẹ Adébọ̀dé, ọmọ ìjọ rẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀, kó wá jẹ́ olóòtú. Wosilat, tó ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Fọlá Agoro, ló ń bá wọn rán aṣọ. Ti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù, iná ń fi òjìji àlejò hàn, ìyẹn ni wọ́n fi ní kó rán èyí tó nípọn fún ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Wosilat kò kọ̀. Eré yìí ni òun àti àbúrò rẹ̀, Mùtíù, fi dàgbà. Wọ́n á ta ìró ìyá wọn sórí okùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Mùtíù á sá sẹ́yìn rẹ̀, á máa sọ̀rọ̀ bí arúgbó, bí aláàárù, bí lèmọ́mù tí eyín rẹ̀ ti ká. Kí ó tó sọ̀rọ̀, ó máa ń fa afẹ́fẹ́ sáàárín eyín, fíì, ibẹ̀ sì ni Wosilat ti máa ń mọ̀ ọ́n.

Ògúnmọ́lá tún wá sílé wọn bẹ̀bẹ̀ ohun kejì: kí Wosilat àti ìyá rẹ̀ wá jẹ́ ìdílé ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án.

"Ta lẹ fẹ́ fi sẹ́yìn aṣọ, sà?" ni Wosilat bi í.

"Ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa ni. Tí mo bá sọ ọ́ fún ọ, kí ni eré ọ̀hún wá jẹ́?"

Wosilat ní òun kò ṣe. Ṣùgbọ́n Serifat, ìyá rẹ̀, ti gbọ́ láti ẹ̀yìnkùlé níbi tó ti ń sá aṣọ.

"A ó ṣe é," ni ìyá wí. "Ilé yìí ti dákẹ́ jù."

Ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilé wọn dákẹ́ lóòótọ́, ọdún méje sì ni ó ti dákẹ́. Wosilat fúnra rẹ̀ kò dákẹ́ rí láàárín ọdún méje náà. Kò lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìdajì wákàtí kó má dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà. Á jẹun lórí ìdúró. Á bá oníbàárà sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á máa wo títì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àǹtí ti jẹ ẹsẹ̀ ajá. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì tún dìde.

Ní oṣù keje ọdún 1993, nígbà rògbòdìyàn ìbò tí wọ́n fagi lé, ìbọn ń dún láti òwúrọ̀ ní apá títì Ìkòròdú. Serifat ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Wosilat ní aṣọ ìyàwó kan lọ́wọ́, síìpù rẹ̀ ti já, ọjọ́ kejì sì ni ìgbéyàwó. Nígbà tí ìyá wọn wà lórí ẹní tó ń kí ìrun wòlúhà, ó pe Mùtíù, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní kó sáré dé Fádèyí, pé àwọn oníṣọ́ọ̀bù máa ń tajà láti ẹ̀yìn. Mùtíù ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́ ìbọn ni?" Wosilat ní ìró rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Mùtíù bá lọ, kò sì padà wálé.

Kò ju ogún ìṣẹ́jú lọ lẹ́yìn rẹ̀ tí Ṣàkírù, ọ̀rẹ́ Mùtíù, fi dé ẹ̀yìn ọgbà tó súfèé pè é. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Serifat gbọ́ ìfé náà lórí ẹní. Nígbà tó bèèrè Mùtíù lọ́sàn-án, ẹnu Wosilat kàn là. Ó ní, "Ṣàkírù ló wá pè é jáde." Ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹyin ni ọ̀rọ̀, tó bá ti bọ́, ó ti fọ́ nìyẹn. Serifat gbé ẹsẹ̀ lé ọ̀nà, kò bo orí, ó dé ilé Ṣàkírù, ó sì gégùn-ún fún ọmọ náà lójú gbogbo ayé. Ṣàkírù búra títí, wọn kò gbọ́. Ìyá rẹ̀, Rashidat, tí òun àti Serifat ti jọ ń pín ẹran iléyá láti ọdún pípẹ́, kó ẹrù rẹ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀ Bàrígà. Ṣàkírù fúnra rẹ̀ sá lọ sí Ọ̀tà. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lójú Wosilat, kò sì sọ nǹkan kan. Ó ní òun yóò sọ ọ́ lọ́la. Ọ̀la náà pé ọdún méje.

Wọn kò rí òkú Mùtíù. Wọ́n wá a dé gbogbo ọsibítù. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n ṣe àdúrà fìdáù fún un, Serifat fárí gá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn àgbà ń sọ: ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé tó bọ́ sójú ọ̀nà, ó lè lọ máa gbé ìlú mìíràn, kí ó máa tà, kí ó máa rà, kí ó tilẹ̀ fẹ́yàwó níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè lé e: kí ẹni tó mọ̀ ọ́n nílé rí i, kó sì fi orúkọ pè é. Ó tán nìyẹn, kò tún sí níbì kankan mọ́. Nítorí náà, Serifat ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe orúkọ ọmọ òun nínú ilé, àgàgà lójú títì. Ìgbà kan, awakọ̀ kan wá sọ pé òun rí ẹnìkan tó jọ ọ́ ní gáréèjì Ṣágámù, tó ń gbé ẹrù. Ìbéèrè kan ni Serifat bi í.

"Ẹ ò pè é, àbí?"

"Rárá, Ìyá. Ẹ̀rù bà mí."

"Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á san yín lóore."

Lọ́jọ́ náà, ó jẹ ẹ̀bà àjẹtán fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún yẹn.

Aago méjì ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ tí àga náà gbóná yẹn ni wọ́n fẹ́ ya ètò. Àwọn atẹ̀wé pa ẹ̀rọ wọn, gbọ̀ngàn kún, ooru mú. Wosilat àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú aṣọ tuntun náà. Òfin ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ rí àlejò. Wọ́n á ti fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣáájú, á dá wọlé, á jókòó, á sì kan agolo lẹ́ẹ̀mẹta láti fi hàn pé òun ti dé. Ògúnmọ́lá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Àlejò náà ti pẹ́. Bí ó ṣe fẹ́ ní kí wọ́n ṣì mú sùúrù ni agolo náà dún lẹ́yìn aṣọ, ko, ko, ko. Ó mí kanlẹ̀, ó sì tan kámẹ́rà.

"Ta ló wà lẹ́yìn aṣọ?" ni Adébọ̀dé kígbe.

"Ẹni tí ẹ mọ̀ ni!" ni gbogbo èrò dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti ọdún gbọọrọ.

"Ìyá wa, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́."

Serifat tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Níbo la ti mọ ara wa?"

Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó wá. "Nínú ilé." Ohùn náà ń dún láti inú agolo bí ohùn ẹni tó wà nísàlẹ̀ kànga.

"Ilé wo?"

"Ìyá, ìbéèrè kejì mà nìyẹn o," ni Adébọ̀dé wí, èrò sì rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ fà á sẹ́yìn?"

"Mo fà á sẹ́yìn." Serifat kò rẹ́rìn-ín. Ó ti tẹ orí síwájú, ó ń gbọ́ nǹkan. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ìwọ ló pe àlejò náà, kì í ṣe ẹ̀yin. "Tí ara rẹ kò bá yá, kí ni mo máa ń pè ọ́?"

"Bàbá Ẹ̀kọ," ni ohùn náà wí, kò ronú rárá. "Nítorí pé ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ló máa ń wọlé sí mi lára."

Èrò tún rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò kan ni. Wosilat kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹni mẹ́ta péré láyé yìí ló mọ orúkọ náà. Méjì wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ wá dì í mú ní ọrùn ọwọ́, ìyá náà kò sì wò ó. Ètè rẹ̀ kò fẹ́ẹ̀ mira.

"Má pè é," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wosi, má pè é o."

"Ìbéèrè ìkẹyìn, Ìyá," ni Adébọ̀dé wí.

Serifat kò jọ̀wọ́ ọwọ́ Wosilat. "Lọ́jọ́ tí o jáde, ta ló ní kí o jáde?"

Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́, bóyá nítorí pé wọ́n gbọ́ nínú ohùn ìyá náà pé eré ti tán. Aṣọ náà, bó ṣe nípọn tó, fà sẹ́yìn díẹ̀, lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ó sì tún tú. Lẹ́yìn náà ni Wosilat gbọ́ ọ, kì í ṣe láti inú agolo, ó súnmọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ: fíì, afẹ́fẹ́ tí ẹnìkan fà sáàárín eyín kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ó ti dìde kí ó tó mọ̀.

"Mùtíù," ló pè. "Mùtíù. Mùtíù."

Láàárín ìpè kejì àti ìkẹta, ohùn kan ń sọ nǹkan lẹ́yìn aṣọ, ṣùgbọ́n èrò ti ń pàtẹ́wọ́, agogo kẹ̀kẹ́ ti ń dún, wọ́n ti fa okùn. Aṣọ ṣí. Àga wà níbẹ̀, agolo wà níbẹ̀ tó ṣì ń mì lórí rọ́bà rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín. Àwọn èèyàn sọ lẹ́yìn náà pé ayọ̀ ló gbá Wosilat mú tó fi pe àbúrò rẹ̀, wọ́n sì káàánú rẹ̀. Kì í ṣe ayọ̀. Ó mọ ohun tí pípe orúkọ ń ṣe, ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kìlọ̀ fún un ni. Ó pè é kí ó má baà dáhùn.

Àtẹ́wọ́ náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wo ara wọn lójú ni ilẹ̀kùn iwájú ti ṣí, ọkùnrin kan tí òógùn ti rin ẹ̀wù rẹ̀ gbingbin wọlé. Ṣàkírù ni. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni ó wí fún Ògúnmọ́lá. "Ọkọ̀ wa ló dẹnu kọlẹ̀ lójú ọ̀nà Ọ̀tà. Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ògúnmọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun ló ti ṣètò pé kí Ṣàkírù jókòó sẹ́yìn aṣọ, kí Serifat àti ọmọkùnrin náà lè parí ìjà níṣojú aráyé. Ó lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wò nígbà tó ṣe. Kò ṣí.

Serifat ti kọjá sẹ́yìn. Ó jókòó sórí àga náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú. Nígbà tí Wosilat súnmọ́ ọn, ó gbé orí sókè.

"O gbọ́ mi nígbà tí mo ní kí o má pè é?"

"Mo gbọ́ yín, Màámi."

"O sì pè é."

Kò tún bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí ilẹ̀ fi ṣú, àti lọ́jọ́ kejì.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, Ògúnmọ́lá wá sí ṣọ́ọ̀bù ní Fọlá Agoro. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní máìkì méjì ni àwọn lò, pé èyí tí àwọn so mọ́ agolo gba ohùn náà sílẹ̀ lábẹ́ àtẹ́wọ́. Kò yé òun tó, ṣùgbọ́n ẹnìkan ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ti bá òun fọ̀ ọ́, ó ní ó ti já gaara.

"Kí ló sọ, sà?" ni Wosilat bèèrè.

"Mi ò tíì gbọ́. Kásẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ wọn. Ìrọ̀lẹ́ òní ni wọ́n máa gbé e síta."

"Ẹ gbà mí, ẹ lọ gbà á padà."

Ògúnmọ́lá wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè nǹkan, ó sì pa á mọ́ra. "Ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi, ọmọ mi."

Wosilat di aṣọ méjì sínú báàgì, ó rìn dé Onípanu, ó rìn dé Fádèyí. Àwọn kọ̀ńdọ́ ń pe Ìbàdàn, wọ́n ń pe Ìjẹ̀bú. Ó dúró níbẹ̀ títí ọ̀kan nínú wọn fi bi í bóyá ó fẹ́ wọkọ̀ tàbí ó ń ka ọkọ̀. Ó ní òun ń bọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà sílé, nítorí pé kò sí ibi tí yóò sá sí tí wọn kò ní tẹlifíṣàn.

Aago mẹ́fà kù díẹ̀, wọ́n ti gbé tẹlifíṣàn Serifat sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo àdúgbò ti pé. Ògúnmọ́lá ti mú Rashidat àti Ṣàkírù wá. Wọ́n jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, kò sẹ́ni tó kí wọn dáadáa. Wosilat kò lè jókòó, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó rí ara rẹ̀ nínú tẹlifíṣàn tó dìde, ojú rẹ̀ le bí ojú ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹnìkan. Ó gbọ́ ara rẹ̀ tó ní Mùtíù, Mùtíù. Ohùn náà sì wá, kò dún bí ohùn inú agolo rárá. Ohùn ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó mọ́, ó tutù.

"Kò sẹ́ni tó ní kí n jáde, Màámi. Ẹsẹ̀ mi ló gbé mi lọ. Ṣàkírù kò mọ̀ sí i. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jà nítorí mi."

Ẹkún sọ lọ́tùn-ún, ó sọ lósì. Serifat dìde, ó lọ kúnlẹ̀ síwájú Rashidat, tí kò jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ó ní kó dárí jì òun. Rashidat fà á dìde, àwọn méjèèjì sì di mọ́ ara wọn. Ṣàkírù ń sunkún bí ọmọdé. Ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, Wosilat dúró gbọnin. Àbúrò rẹ̀ ti purọ́ nítorí rẹ̀. Ó ti dé ibi tó dé yẹn, ó purọ́, òun sì lé e lọ kí ó tó sọ ọ́ tán.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, èrò tò láti ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn dé títì ńlá. Kì í ṣe àwọn tó fẹ́ gba abọ́ oníke ni. Olúkúlùkù mú bébà kékeré lọ́wọ́, orúkọ ẹnìkan wà lára rẹ̀: ọmọ tí wọ́n mú lọ́dún 94, ọkọ tó lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n rí bàtà rẹ̀ nìkan. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn fẹ́ kí Ògúnmọ́lá fi àwọn jókòó síwájú aṣọ. Ó ṣí etí bébà fèrèsé kan, ó wò wọ́n fún ìgbà pípẹ́, ó sì gba ọ̀nà àwọn atẹ̀wé jáde. Bí ètò náà ṣe parí nìyẹn. Wosilat ló tú aṣọ sílẹ̀, tó gbé e wálé.

Serifat wà lẹ́yìnkùlé lórí àpótí. Láti Sátidé, ó ti ń dá Wosilat lóhùn díẹ̀díẹ̀, lórí oúnjẹ àti omi. Wosilat gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì í.

"Màámi, èmi ni mo rán an. Síìpù ni mo ní kó lọ rà. Ṣàkírù kò pè é. Irọ́ ni mo pa, Mùtíù náà sì tún bá mi pa á."

Serifat kò yí ojú. "Mo mọ̀," ni ó wí.

Wosilat gbé ojú sókè wò ó.

"Nígbà tí mo fẹ́ jáde lọ wá a lọ́jọ́ náà, mo bá ìdábùú géètì ní títì láti inú. Ẹni tó bá jáde kò lè tì í bẹ́ẹ̀. Èmi wà lórí ẹní. Àwa mélòó ló wà nílé?"

"Ẹ mọ̀, Màámi, ẹ sì lọ gégùn-ún fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ọmọ méjì ni mo bí. Mi ò lè pàdánù méjèèjì lọ́jọ́ kan." Ó fi etí ìró nu ojú rẹ̀. "Ọlọ́run á bi mí léèrè nípa Ṣàkírù. Mo mọ ìyẹn náà."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi bi í níbẹ̀?"

"Mo mọ ọmọ mi. Mo mọ̀ pé kò ní dárúkọ rẹ. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé kò bínú, kí ara rẹ lè balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ǹ bá sọ fún wọn pé mi ò mọ àlejò yìí. Aṣọ kò ní ṣí. Á gba ẹ̀yìn jáde, á padà síbi tó ti ń tà tó ti ń rà, èmi á sì máa mọ̀ pé ó wà níbì kan."

Ní ẹ̀yìn ọgbà, àwọn ọmọdé ti ń fi ètò náà ṣeré, wọ́n ń pe Mùtíù, Mùtíù, nítorí pé kò sẹ́ni tó tún kà á léèwọ̀ fún wọn mọ́. Serifat gbọ́ wọn, kò sì ní kí wọ́n dákẹ́. Ó ní kí Wosilat lọ bá òun pe Alfa, kí wọ́n dá ọjọ́ fìdáù.